Ẹnu Nìkan Ni Mo Wò

Proddatur,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ, 1999.

Haimavati, ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òjò Pune kò tíì wọ yàrá bá ọ? Gbogbo wa nílé ń gbádùn, àfi ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún kà á sókè fún ìyá rẹ nílé, ibi tí o ti dárúkọ ẹja ni a há sí.

O ní òṣìṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń kọ́ nípa rẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó rí bí ti èèyàn ṣe rí gan-an, pé ti ẹja òkun kan ni wọ́n rí, òun lẹ wá ń wò ṣe ti èèyàn. Haima, ìran wa kò jẹ ẹja, a kò jẹ ẹyin. Ìyá mi, kó tó kú, kì í gba iwájú ilé ẹlẹ́ja kọjá. Ṣé o fọwọ́ kan ẹja náà ni? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ìkòkò tí o fi ń se ẹ̀wà wà nítòsí rẹ̀. Mo ní inú kọ̀ǹpútà ni ẹja ọ̀hún wà. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ńkọ́, ta ló ń bá a fọ̀ ọ́?

Ó dáa. Àwọn ará Nellore wá wo àbúrò rẹ Sarala, wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ fún ọmọ wọn. Ọmọkùnrin náà ń ta ìkòkò àti abọ́ onírin, ilé wọn mọ́, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ariwo. Wọ́n fẹ́ràn Sarala. Sarala ní irun ètè ọmọkùnrin náà pọ̀ jù. Mo ní irun ètè ṣeé gé.

Ìyá rẹ ní òkúta nínú àpò òróòro. Bó bá dé sí i, ṣe ló máa ń ká jọ sórí ẹní tí kò ní lè sọ̀rọ̀. Dókítà Basha ní àfi iṣẹ́ abẹ, ó sì fi í sẹ́yìn ọdún Dasara. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní òun máa ń bi gbogbo àwa oníṣòwò tí a ń fẹ́ ara wa nínú ẹbí, pé ṣé ẹnì kan wà nílé wa tí wọ́n fún ní oògùn iṣẹ́ abẹ rí, tí kò sì lè mí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà? Mo wo fáànù òkè. Mo ní n óò béèrè nílé.

O kúkú mọ ohun tó ṣe Bàbá Kékeré rẹ, Penchalayya, ní Kurnool, ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún un. Ilẹ̀ ṣú kó tó lè mí fúnra rẹ̀. Ìyá mi ní ojú burúkú àwọn èèyàn ló mú un. Bí mo bá sọ ọ́ fún dókítà, akọ̀wé tó ń kọ orúkọ aláìsàn níbẹ̀, ẹbí àwọn ará Nellore ni. Wọn á gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ilé wa lábùkù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí n kò bá sì sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Àbúrò mi ni Penchalayya, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ni ìyá rẹ kó tó di aya mi, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wa.

Ìwọ lo kàwé rẹ̀. Kí ni kí n sọ?

Bàbá rẹ,
Subbarayudu Setti.


Pune,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 1999.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù o, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ má bínú pé èsì yìí pẹ́. N kò fọwọ́ kan ẹja kankan, ẹ bá mi fi ọkàn Màmá balẹ̀. Àwòrán ni, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún Sarala pé irun ètè kì í ṣe ẹ̀sùn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òṣìṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹ́ńsáìmù tí mo ń sọ, ó ní ẹnu kan. Oògùn tí dókítà fi ń mú kí iṣan aláìsàn dẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹnu yẹn ló ń gé e wẹ́wẹ́. Bí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́, oògùn ò ní pẹ́ kúrò lára, èèyàn á sì máa mí padà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, oògùn á jókòó sínú iṣan, àyà ò sì ní lè gbéra.

Nínú ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà lára Bàbá Kékeré ní ọdún tó kọjá, ìyàtọ̀ kan la rí lára òṣìṣẹ́ tiwa, ó sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti wò bóyá ìyàtọ̀ yẹn ń da ẹnu láàmú. Ọ̀nà méjì ni mo fi ń wò ó, kí n lè mọ èyí tó ṣeé gbára lé. Nínú èkíní, a ó gé ẹnu náà nìkan kúrò lára ìyókù, a ó kan etí rẹ̀ mọ́ ojú kan kí ó má baà yẹ̀, a ó sì ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fínnífínní. Nínú èkejì, a ó fi odidi ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnu la ó ṣírò fínnífínní, ìyókù a ó ṣe é fẹ́ẹ́rẹ́.

Bàbá, ọ̀nà èkíní ti dáhùn. Ẹnu òṣìṣẹ́ tiwa kò yàtọ̀ rárá sí ti ẹlòmíràn. Ó mú oògùn náà dáadáa, ó gé e dáadáa. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín síta níbi tí mo jókòó sí, gbogbo wọn wò mí. Mo rò pé ṣe ni wọ́n fún Bàbá Kékeré ní oògùn jù ní Kurnool.

Nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ìdí láti sọ nǹkan kan fún Dókítà Basha. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò sí ba ti Sarala jẹ́.

Ọmọ yín,
Haimavati.


Proddatur,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, 1999.

Ìyá mi,

Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tún ibi ẹnu yẹn kà. Ó ní, "Ọmọ mi ti wo ẹnu rẹ̀, ó ní ó dáa." Ó wá ń sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tó ń wá ra àjàgbọn. Mo ní kó rọra, kí wọ́n má lọ rò pé ẹnu tirẹ̀ lo wò.

Dókítà Basha tún bi mí. Mo wò ó lójú báyìí, mo ní kò sẹ́ni kankan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Wálé fún Dasara. O kò wá lésìí, o kò wá lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ á se ìrẹsì alájàgbọn, á wá máa wo ẹnu ọ̀nà. N óò fi òdòdó sára òṣùwọ̀n àti gbogbo irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù bí a ti í ṣe, kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ wọn. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ fi fóònù náà sí i, torí òun náà ti di irinṣẹ́. Sarala ń fi mí rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín.

Kọ̀wé sí wa pé o ń bọ̀.

Bàbá rẹ.


Pune,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, 1999.

Bàbá mi,

N kò kí yín dáadáa, ẹ forí jì mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè yín, fóònù kò dún rárá. Mo ti lọ tẹ wáyà sí yín ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo tún ń kọ lẹ́tà yìí lé e lórí, kí ọ̀kan nínú wọn ṣáà lè dé ọwọ́ yín kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Ẹ SỌ FÚN DÓKÍTÀ BASHA. Ẹ sọ ohun tó ṣe Bàbá Kékeré fún un, gbogbo rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Oògùn mìíràn wà tó lè lò dípò rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà ti sọ fún un.

Ọ̀nà kejì ti dáhùn. Ẹnu náà kò ní àléébù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó jìnnà sí i yẹn ń fa ògiri tó yí i ká, ògiri wá ń fa ẹnu, ẹnu ò sì lè di oògùn náà mú mọ́. Ẹ rántí ìlẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí wa, tó dára ṣáṣá, tí kò bá férémù mu mọ́ nígbà tí ògiri rì. Bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mo gé ẹnu náà jáde, mo ti gé ògiri sọnù. Mo wá kan etí ẹnu mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kàn án mọ́ ibẹ̀, tí mo tún wá ń yọ̀ pé kò yẹ̀ níbẹ̀.

Àná ló ti parí ìṣirò náà, Bàbá. Láàárọ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà ti fi òdòdó sára kọ̀ǹpútà níbí, gbogbo wa jẹ nǹkan dídùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà, ó ń sinmi. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èsì ti wà nínú rẹ̀. Mo rò pé kò sí kánjúkánjú, Dasara kò tíì kọjá. Mo bá wọn lọ jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Bẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà yìí, ẹ má parí rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Haima.


Proddatur,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹwàá, 1999.

Haimavati,

Ìyá rẹ wà láàyè. Ó ń mí. Ó ti mu omi ìrẹsì.

Ọjọ́ ìsinmi irinṣẹ́ gan-an ni òkúta náà dìde sí i, tí ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Dókítà Basha ní kò ṣeé dúró de ìgbà kan mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sàn-án, ó dára. Ohun tó ṣe Penchalayya ló wá ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí ń bá èèyàn mí níbẹ̀. Àpò rọ́bà kan ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti fi afẹ́fẹ́ sí i láyà, dókítà, nọ́ọ̀sì, Sarala àti èmi, bí ọwọ́ ẹnì kan bá ti kú ẹlòmíràn á gbà á. Wọ́n ti tan fìtílà kó tó lè mí fúnra rẹ̀.

Mo ti yọ okùn fóònù nítorí òdòdó. A bá wáyà rẹ lábẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a padà dé. Lẹ́tà rẹ dé lónìí.

Má wá nísinsìnyí. Kò sí ohun tí o fẹ́ wá ṣe. N kò bínú.

Bàbá rẹ.


Pune,
Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, 1999.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, mo ń tọrọ àforíjì. Ẹ ní ẹ kò bínú. Mo ti ka gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi, n kò sì rí ohùn yín nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí ní ìyá yín, ẹ kọ Haimavati sókè lẹ́tà bí ẹni ń kọ̀wé sí oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Kí n tó kọ lẹ́tà oṣù Kẹjọ sí yín, mo fi èsì mi han ọ̀gá wa, Dókítà Gokhale. Ó wò ó, ó ní, "Haima, o ti bi ọ̀nà kan, ó ku èkejì. Tí àwọn méjèèjì ò bá tíì sọ ohun kan náà, o ò tíì mọ nǹkan kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo padà sí yàrá, mo kọ lẹ́tà yín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà kejì kò tíì parí. Mo wá wò ó pé ẹ̀yin ò ní lè sùn bí ẹ bá ka ìyẹn, pé ẹ óò lọ sọ fún dókítà, pé Nellore á gbọ́. Mo tún lẹ́tà náà kọ, mo yọ gbólóhùn yẹn kúrò.

Kì í ṣe nítorí Sarala nìkan. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Mo fẹ́ kí èmi ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀wà jẹ́ ẹni tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ilé wa kò lábùkù. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo fún mi. Ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń tẹ àpò yẹn, ṣé Màmá sùn? Ṣé kò mọ nǹkan kan?

Ọmọ yín,
Haima.


Pune,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 1999.

Màmá mi,

Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ara líle. Mo gbọ́ lẹ́nu Sarala lórí fóònù pé ẹ ti ń jókòó níwájú ilé lálẹ́, pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníwàrà jà, inú mi dùn.

Bàbá ò fèsì lẹ́tà mi. Bí mo bá pe ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní oníbàárà wà níwájú àwọn, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀. Sarala ní àwọn ará Nellore ò wá mọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kí n bi Bàbá. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi wí. Ẹ bá mi wí, Màmá. Ẹ bú mi. Ó sàn ju kí gbogbo yín dákẹ́ lọ.

Ìbéèrè tí mo bi Bàbá, mo tún ń bi ẹ̀yin fúnra yín. Ṣé ẹ sùn lọ́jọ́ náà?

Haima yín.


Proddatur,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá, 1999.

Haima,

Mo kí ọ. Bàbá rẹ ló máa ń bá mi kọ̀wé, èyí, èmi ni mo kọ ọ́ fúnra mi. Ọwọ́ mi kò dára, fara balẹ̀ kà á.

O bi mí ṣé mo sùn. Bí mo bá ní mo sùn, irọ́ ni, irọ́ ilé yìí sì ti tó.

Mo sùn nígbà tí wọ́n ń gé mi. Lẹ́yìn náà oorun tán lójú mi, àmọ́ ara mi kò tíì jí. N kò lè ṣí ojú. N kò lè mi ìka. N kò lè fa èémí, àwọn ni wọ́n ń tì í sí mi láyà. Ẹ̀rù bà mí, Haima, irú ẹ̀rù tí n kò mọ̀ pé ó wà láyé. Mo ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ṣe, dókítà fún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn, mo tún sùn. Ṣùgbọ́n kó tó fún mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Mo gbọ́ tí dókítà ń jágbe mọ́ bàbá rẹ. Ó ní, "Setti, mo bi yín! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa dákẹ́?" Mo dúró kí n gbọ́ orúkọ rẹ. Bàbá rẹ ń sunkún, ó ń tẹ àpò. Ó ní, "Èmi ni, dókítà. Ọmọ mi tó wà ní Pune kọ̀wé sí mi pé kí n sọ fún yín. Ó kọ̀wé dáadáa. Èmi ni mo pa á mọ́, torí ìgbéyàwó." Dókítà ní ìkà èèyàn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nellore ti gbọ́. Wọn kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa lábùkù, Haima. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn wà nílé tiwọn náà, ìyá ọmọkùnrin náà sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí ọmọ àwọn fẹ́ ọmọ baba tó lè fi ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ wéwu nítorí orúkọ. Bí bàbá rẹ bá ń kọjá lọ́jà báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ó ń kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Kò bínú sí ọ. Kò lè kọ̀wé sí ọ ni, torí bó bá bẹ̀rẹ̀, yóò sọ ọ́ fún ọ, kò sì fẹ́ kí o mọ̀. Kò mọ̀ pé mo gbọ́. Má sọ fún un.

Ohun kan tún kù. Kí wọ́n tó fún mi ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, dókítà tẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ fún mi, ṣé ẹnì kankan wà?" Mo ti la ẹnu láti dárúkọ Penchalayya. Mo wá rántí lẹ́tà rẹ, ibi tí mo ní kí wọ́n tún kà fún mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ mi ló kàwé, èmi ò kàwé. Mo mi orí fún un pé rárá.

O ní kí n bú ọ. N kò ní agbára ẹ̀. Ẹja yín kò jẹ̀bi, n kò tún ní bi ọ́ nípa ìkòkò mọ́.

Ìyá rẹ,
Kamakshamma.


Pune,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá, 1999.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. N óò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ Yerraguntla, ẹ sì má dá oúnjẹ dúró dè mí, torí kì í ṣe ilé ni n óò kọ́kọ́ dé. Ọ̀dọ̀ Dókítà Basha ni n óò yà sí. Ohun tí mo kọ sí yín nínú oṣù Kẹjọ, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un, gbólóhùn kan ò ní yọ nínú rẹ̀, títí kan èyí tí mo yọ. N óò bẹ̀ ẹ́ kó pe akọ̀wé rẹ̀ wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ń kó abẹ́rẹ́ àti ìgò bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé ni n óò gbà, ti Sarala ni n óò kọ́kọ́ gbà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún bi í léèrè.

Ẹ má fèsì lẹ́tà yìí. Bẹ́ ẹ bá kọ̀wé pé kí n má wá, n óò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, n kò sì fẹ́ gbọ́ràn.

Ìyá yín,
Haima.